Ẹ Gba Ẹgbẹ́ Ẹ̀rín Wọlé, Ṣùgbọ́n Kí Òfin Ṣáájú Ẹ̀rín

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní sáà yìí tó dà bí eré, síbẹ̀ ó ti fa àríyànjiyàn láti kíláàsì SS1 títí dé yàrá àwọn olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 kan tí wọ́n máa ń pàdé lábẹ́ igi máńgòrò nígbà ìsinmi ọ̀sán ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n ka ẹgbẹ́ àwọn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí ilé-ìwé fọwọ́ sí. Ẹgbẹ́ wo? Ẹgbẹ́ ẹ̀rín. Wọ́n á dúró yípo, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa wí pé "hò hò, hà hà hà", wọ́n á mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọ́n á tú ká. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí orúkọ wọn wà lára pátákó tí orúkọ Press Club, JETS, Red Cross àti ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn wà, kí wọ́n ní olùkọ́ tí yóò máa bójú tó wọn, kí wọ́n sì ní ọjọ́ tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi lẹ́tà náà rẹ́rìn-ín. (Ó yẹ kí inú wọn dùn sí ìyẹn, ṣebí ẹ̀rín náà ni wọ́n ń wá.) Olùkọ́ wa kan, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, béèrè ní asẹ́ńbìlì pé, "Ṣé ẹ̀rín tí ẹ ń rín nínú kíláàsì ò tó yín ni?" Gbogbo ilé-ìwé ló bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rò pé ìbéèrè àwàdà ni ìyẹn o. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Ẹ̀rín tí à ń rín nínú kíláàsì tó wa, ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tí à ń rín ni n ò fẹ́ràn. Torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe wà lẹ́yìn àwọn tó kọ lẹ́tà yìí: mo fẹ́ kí ilé-ìwé gbà wọ́n, kí ó sì gbà wọ́n pẹ̀lú òfin tí wọn ò ní lè yẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀ wá, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé orí TikTok ló ti bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ìlú Mumbai ni, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Dókítà ìṣègùn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Madan Kataria. Ó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn kan lórí ìlera, ó sì ń kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí ẹ̀rín ṣe ń ṣe ara lóore. Ibi tó ti ń kọ ọ́ ló ti rò ó pé, kí ló dé tí òun ń kọ ọ́ lásán, ẹ jẹ́ kóun dán an wò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1995, láàárọ̀ kùtù, ó gba ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò rẹ̀ lọ, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń rìn káàkiri kí oòrùn tó mú. Ó ń sọ fún ẹni tó bá pàdé pé kí wọ́n wá bá òun dá ẹgbẹ́ ẹ̀rín sílẹ̀. Èèyàn márùn-ún péré ni wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ti lé ní àádọ́ta.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín? Bí èmi àti ẹ̀yin ì bá ṣe ṣe é náà ni. Ẹnì kan á bọ́ sáàárín, á ṣe àwàdà, àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀. Ó ń lọ geere fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe MC níbi ìparí ọdún ilé-ìwé wa rí mọ ohun tó tẹ̀lé e: àwàdà tán. Àwọn tó dára tán, ó ku àwọn tí kò dára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rírùn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bínú, wọ́n ní bó bá jẹ́ báyìí ni, àwọn ò wá mọ́.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibi tí ẹgbẹ́ náà ì bá ti kú nìyí. Dókítà Kataria ní ọ̀nà méjì. Ó lè ní kí àwọn tó bínú máa lọ, kí àwọn tó bá gbà á mọ́ra dúró. Ọ̀nà tí àwa máa ń gbà nìyẹn: "Ṣebí eré là ń ṣe, ìwọ náà ò ṣe lè gba eré?" Ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà náà. Ó pa àwàdà tì pátápátá. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín láìsí ohun tí wọ́n ń fi rín. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣe bí ẹni ń ṣe é, wọ́n á máa wo ojú ara wọn, ẹ̀rín gidi á sì dé fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Madhuri, mọ yóga, torí náà wọ́n fi mímí kanlẹ̀ ti yóga kún un. Bí "hò hò, hà hà hà" tí àwọn ará abẹ́ máńgòrò ń ké ṣe wáyé nìyẹn. Lónìí, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún sì ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Ẹ̀rín Àgbáyé, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1998.

Èèyàn lè sọ pé, ẹ̀rín tí kò ní ìdí, ẹ̀rín wèrè ni. Àwọn ìyá wa náà máa ń béèrè: "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Bó ò bá rí nǹkan kan sọ, ìfọ́tí ló kù. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Robert Provine, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí ẹ̀rín àwọn èèyàn lójú pópó àti nínú ilé ìtajà ńlá. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rín tí à ń rín kì í tẹ̀lé àwàdà rárá. Ọ̀rọ̀ lásán bíi "a ó tún ríra" ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ó tún rí i pé ẹ̀rín tí èèyàn ń rín láàárín àwọn ẹlòmíràn fi nǹkan bí ìlọ́po 30 ju èyí tó ń rín nígbà tó bá dá wà lọ. Ẹ wo ara yín lórí ìlà oúnjẹ ní kàńtíìnì, ẹ ó rí i pé òótọ́ ni. Ẹ̀rín máa ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé a jọ wà pa pọ̀ ni. Àwàdà kàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé.

Bí ẹ̀rín bá wá ń sọ pé "a jọ wà pa pọ̀", kí ló ń sọ fún ẹni tí gbogbo kíláàsì ń rín?

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa. N ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má sì bi mí. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, ilé ìyá rẹ̀ àgbà ló dàgbà sí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnu Ìbàdàn kì í fẹ́ pe "ṣ", "s" ló máa ń pè é. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Èdè baba wọn ni. Ní SS1, olùkọ́ ní kó dìde kàwé Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń kà á lọ dáadáa títí tó fi dé "shop", ó sì pè é ní "sop". Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kíláàsì dà rú. Wọ́n ń gbá tábìlì. Ẹnì kan tún un pè láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, ó ti di orúkọ ìnagijẹ fún un, orúkọ náà sì bá a wọ SS2.

Ọmọ yìí mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ kọ ìbéèrè kan sójú pátákó, ó ní ta ló lè ṣàlàyé rẹ̀. Ìdáhùn náà wà nínú ìwé rẹ̀, ó ti kọ ọ́ tán kí àwa tó kù tó fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Mo rí i, torí bẹ́ǹṣì kan la jọ jókòó lé. Kò nawọ́. Olùkọ́ wò yíká, kò rí ẹni tó nawọ́, ó ní a kì í kàwé nílé, ó sì fún gbogbo wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá ogún ìbéèrè. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní ọ̀rọ̀ "fraction" wà nínú ohun tóun fẹ́ sọ.

Ẹ rò ó wò. Kò sẹ́ni tó lù ú. Ká ní wọ́n lù ú ni, orúkọ ẹni tó lù ú á wà nínú ìwé ìjìyà, a ó sì ránṣẹ́ pe òbí. Ká ní wọ́n jí owó rẹ̀ ni, ilé-ìwé mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni, ẹ̀rín kò sì sí nínú ìwé òfin ilé-ìwé wa. Mo kà á láti páálí dé páálí. Ariwo wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, pípẹ́ lẹ́yìn wà níbẹ̀, irun tí kò dọ́gba pàápàá wà níbẹ̀. Ohun tó pa ọmọ yìí lẹ́nu mọ́ láti SS1 kò ní orúkọ. Ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Kódà (ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi) ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀yin náà máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ẹ tó ní ká dákẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Bí ẹ̀rín bá ti ń ṣe irú èyí, ṣé ẹgbẹ́ ẹ̀rín ló wá kù ká dá sílẹ̀? Ṣé kì í ṣe epo lo fẹ́ fi pa iná?" Ìdáhùn mi ni pé ẹgbẹ́ ẹ̀rín ti wà nílé-ìwé yìí tipẹ́. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kò ní olùkọ́ tó ń bójú tó o, kò ní òfin, kò ní ọjọ́. Ìgbàkigbà tí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ máńgòrò nìkan ló wá jókòó, tó kọ lẹ́tà, tó ní kí ẹ wá wo ohun tí àwọn ń ṣe. Àwọn tó fẹ́ kí a máa wò wọ́n ni a fẹ́ lé dànù, ká wá fi àwọn tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n sílẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa ò fi ẹ̀rín sílẹ̀ báyìí. Ẹ wo Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, eégún Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde sí ọjà, á máa kọrin, á fi orin bú ẹni tó hùwà àìtọ́, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ olóyè. Gbogbo ìlú á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó lè torí ìyẹn mú un lọ́jọ́ kejì, torí ó ní òru tirẹ̀, ó ní ojúde tirẹ̀, ó sì kọ́kọ́ ń júbà kó tó la ẹnu. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun àjogúnbá tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ẹ rí i pé ẹ̀rín tí ìjọba àgbáyé fọwọ́ sí kì í ṣe nǹkan tuntun. Tiwa ló wà níbẹ̀.

Olóòtú wa ka apá yìí, ó ní mo ti tako ara mi, torí Ẹ̀fẹ̀ ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwà ni Ẹ̀fẹ̀ ń bá wí, ó sì ń bá ẹni tó wà lókè wí níṣojú gbogbo ìlú. Àwa ń rín ahọ́n ẹni tí kò lè pààrọ̀ ahọ́n rẹ̀, ẹni tó kéré jù nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Èmi ò rí bí àwọn méjèèjì ṣe jọra.

Bí ẹ bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ ẹni tó fi àwàdà jẹun ní ilẹ̀ wa tí kò fi ẹnì kan gún mọ́lẹ̀, ẹ lọ bi àwọn òbí yín nípa Baba Sálà, ìyẹn olóògbé Moses Ọláìyá tó kú lóṣù Kẹwàá ọdún 2018. Wọ́n ní á wọ aṣọ tó tóbi jù ú lọ, á fi awò ńlá sójú, á gbé aago ńlá kọ́ra bí ẹni pé aago ọwọ́ ni. Ara rẹ̀ ló fi ń ṣẹ̀sín. Òun ni ahun, òun ni òmùgọ̀, òun ni ọgbọ́n rẹ̀ máa ń padà gbé ṣubú. Àwọn tó ń wò ó rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì lọ sílé láìsí ẹni tí ìtìjú bá. Iṣẹ́ tó le nìyẹn. Kí èèyàn tún "sop" pè láti ẹ̀yìn kíláàsì kò gba iṣẹ́ kankan.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ wa abẹ́ máńgòrò gbọ́, bí mo tilẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Nínú lẹ́tà wọn, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rín ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìlà yẹn kúrò. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí kò tó bẹ́ẹ̀. Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford rí i pé àwọn tó jọ wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín dáadáa, lè fara da ìrora ju bí wọ́n ṣe lè fara dà á kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín lọ. Ó dára. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé ìwòsàn àtọ̀gbẹ, ọ̀nà jìn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí dókítà kọ fún un ni kó lò, kó wá rẹ́rìn-ín lé e. Àwọn tó ń ta àgbo nínú bọ́ọ̀sì ti ń ṣèlérí tó. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bá wọn ṣe é.

Ẹ̀rín kì í sì í ṣe àmì ayọ̀ nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1962, ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ti míṣọ́nnárì ní abúlé Kashasha, lẹ́bàá adágún Victoria, ní orílẹ̀-èdè Tanganyika tó di Tanzania lónìí, ọmọ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn ò sì lè dá a dúró. Ó ran àwọn mìíràn. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ 159, ó mú 95. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, fún wákàtí mélòó kan. Àwọn mìíràn, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò mú olùkọ́ kankan. Wọ́n ti ilé-ìwé náà pa lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún tì í. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, wọn ò rí kòkòrò, wọn ò rí májèlé. Ohun tí àwọn tó wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà gbà ni pé ìnira ọkàn ló jáde bí ẹ̀rín lára àwọn ọmọ tí ẹrù wúwo lé lórí nílé-ìwé. Àwọn àgbà wa kúkú máa ń sọ ọ́: ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ torí olùkọ́ tí wọ́n máa yàn fún ẹgbẹ́ yìí. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fún wọn ní olùkọ́ eré ìdárayá. Olùkọ́ wa náà dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ohùn rẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n mo rò pé olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ló yẹ kó jẹ́, ẹni tó lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kó wo ojú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, kó sì mọ èyí tí ẹ̀rín tirẹ̀ kò dé ojú.

Ọ̀rọ̀ ariwo náà wà níbẹ̀. Àwọn ará SS3 tó ń múra WAEC ní kíláàsì àwọn ló sún mọ́ igi máńgòrò jù, wọ́n sì ti ráhùn. Wọ́n jàre. Ní Mumbai tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹjọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀rín kan ní àdúgbò Kurla dé ilé ẹjọ́ gíga Bombay, torí àwọn tí ilé wọn wà nítòsí ní ariwo ẹ̀rín òwúrọ̀ kò jẹ́ kí àwọn gbádùn. Ẹ ò rí i, ẹ̀rín ẹnì kan lè jẹ́ ìyà fún aládùúgbò rẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ará SS3 máa bá sọ̀rọ̀ báyìí tí ẹgbẹ́ náà kò ì tíì ní orúkọ? Wọ́n á kàn lé wọn lónìí, wọ́n á padà wá lọ́la. Ẹgbẹ́ tó ní ìwé, tó ní ààrẹ àti akọ̀wé, ni a lè sọ fún pé, "Ẹ kúrò níbí, ẹ lọ sí ẹ̀yìn pápá, ẹ má sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ." Bí wọn ò bá gbọ́, a mọ orúkọ tí a máa fà lé ọ̀gá lọ́wọ́. Àwọn ará abẹ́ máńgòrò rò pé oyè ni wọ́n ń tọrọ. Okùn ni wọ́n ń tọrọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ló fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é níta hàn mí nínú ìwé ìròyìn, nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò wọn fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Abẹ́ òfin CAMA ọdún 2020 ni ó wà. Ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé òfin tirẹ̀, kó sọ ohun tó torí rẹ̀ dá sílẹ̀, kó sì yan àwọn tí wọ́n máa dúró fún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, tí orúkọ àwọn èèyàn náà àti èrò ẹgbẹ́ á wà níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní àtakò kó kọ ọ́ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 28. Ẹ máa ń rí irú ìkéde kéékèèké bẹ́ẹ̀, ẹ kì í kà á ni. Èmi fẹ́ràn apá yẹn jù. Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ bi àwọn tó yí ọ ká.

Ohun tí mo dábàá nìyí. Kí àwọn tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀rín sílẹ̀ kọ òfin wọn sójú ìwé kan ṣoṣo, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, lọ́nà tí ọmọ JSS1 á fi lóye. Òfin àkọ́kọ́ kí ó jẹ́ ti Mumbai: kò sí àwàdà nínú ìpàdé. Ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí à ń rín. Kí wọ́n wá fi èyí tí Mumbai kò ní kún un: ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n sì mú un níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣi ọ̀rọ̀ pè, tàbí tó ń kólòlò, tàbí tó wọ bàtà tó ti ya, ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ fún sáà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kíláàsì ló ti ṣe é, tí kì í ṣe ibi ìpàdé. Mo ti bá ẹni tó ń ṣe akọ̀wé fún wọn sọ̀rọ̀. Ó ní òfin yẹn le jù, pé wọ́n máa lé ìdajì ẹgbẹ́ kí oṣù tó parí. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ku èèyàn márùn-ún, márùn-ún náà ni Mumbai fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan bi mí pé àǹfààní wo ni ìyẹn máa ṣe ọmọ Ìbàdàn tó jókòó tì mí. N ò lè sọ pé ó máa nawọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lára àwọn tó wà lábẹ́ máńgòrò, ó kéré tán mẹ́fà wá láti kíláàsì wa, lára wọn sì ni àwọn tó ń gbá tábìlì jù lọ́jọ́ "sop". Bí àwọn mẹ́fà bá dákẹ́ nígbà tó bá tún dìde kàwé, ẹ̀rín àwọn tó kù á rọ́ wọ inú. Ẹ̀rín kì í le láàárín àwọn tí kò bá ẹ rín. Ohun tí Provine sọ náà kúkú nìyẹn.

Tí wọ́n bá ti kọ òfin náà tán, kí wọ́n gbé e wá fún wa. Press Club á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí fún ọjọ́ 28, bí ti inú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ní àtakò, olùkọ́ ni o, akẹ́kọ̀ọ́ ni o, àwọn ará SS3 ni o, kó kọ ọ́ sínú ìwé kó jù ú sínú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì. Kò pọn dandan kí ẹ kọ orúkọ yín sí i. Àwọn tó ti di ẹni ẹ̀sín rí nínú kíláàsì, tiyín gan-an ni mo fẹ́ kà ṣáájú. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, kí ọ̀gá ilé-ìwé kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ní asẹ́ńbìlì.

Àyè wà fún un ní apá ọ̀tún, lábẹ́ èsì bọ́ọ̀lù. Èsì náà ti sáà tó kọjá ni, a lè yọ ọ́.